Háàmù Owó-Pọ́ọ́kú àti Àṣìṣe Tó Ń Sọ Ọ́ Di Ọ̀wọ́n

Bí ọdún Àjíǹde bá ti kọjá ní Amẹ́ríkà níbí, ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ń kó ẹran sí ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Ẹ ó bá odindi itan ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ti fi iyọ̀ pa, tí wọ́n sì ti fi èéfín yan, èyí tí wọ́n ń pè ní háàmù, tí owó rẹ̀ ti já wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń rí lẹ́yìn Kérésìmesì. Èmi kì í rí i kí n má rà á. (Ẹ̀yin Mùsùlùmí àti ẹ̀yin ọmọ Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ tòní kò kàn yín.)

Àmọ́ ọdún àkọ́kọ́ tí mo rà á, ìyà ni mo fi jẹ ara mi. Àwa mẹ́rin là ń gbé ilé, ẹran náà wúwo tó pọ́ùn mẹ́wàá. Ká ní pọ́ùn kan jẹ́ dọ́là kan àti ààbọ̀, dọ́là 15 nìyẹn. Bí ẹ bá wá jẹ pọ́ùn mẹ́rin, tí ẹ da mẹ́fà nù, ó ti di dọ́là mẹ́ta àti sẹ́ǹtì 75 lórí pọ́ùn kọ̀ọ̀kan tó dé ọ̀nà ọ̀fun yín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an nìyẹn, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi fà á.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí ẹ wo iye owó, kí ẹ má ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá rẹ̀. Ilé iṣẹ́ máa ń fún omi oníyọ̀ sínú ẹran yìí, òfin Amẹ́ríkà sì pàṣẹ pé kí orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára fi bí omi náà ṣe pọ̀ tó hàn. Èyí tí wọ́n kọ “ham” lásán sí lára ni omi rẹ̀ kéré jù: purotéènì inú ẹran tí kò lọ́ràá gbọ́dọ̀ tó ìdá 20.5 nínú ọgọ́rùn-ún. “Ham with natural juices” jẹ́ 18.5, “water added” jẹ́ 17. Èyí tí wọ́n bá kọ “ham and water product” sí, ó tún relẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, omi lẹ sì ń fi owó ẹran rà. Bí ìdá purotéènì bá ṣe ń relẹ̀ sí i ni omi ń pọ̀ sí i. Ẹ tún yẹra fún èyí tí wọ́n ti gé yípo bí òrùka títí dé eegun. Ó dára fún àlejò lọ́jọ́ ọdún, ṣùgbọ́n kíá ló ń gbẹ, ẹ ò sì ní lè gé e sí irú ègé tó wù yín mọ́.

Ní ìpínlẹ̀ Virginia, wọ́n ní irú tiwọn tí wọ́n fi iyọ̀ gbígbẹ pa, tí wọ́n sì so rọ̀ fún oṣù púpọ̀. Ìyẹn ò sí lára ohun tí mò ń sọ, ẹni tí kò bá kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi yóò kàn jẹ iyọ̀ ni. Ọ̀kan wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan nílùú Smithfield tí wọ́n ti ṣe láti ọdún 1902, àwọn èèyàn ń lọ wò ó. Ẹ má fi ìyẹn tan ara yín pé háàmù súpámákẹ́ẹ̀tì náà kì í bàjẹ́.

Èkejì, ẹ má ṣe sè é bí ẹran tútù. Èmi bọ tèmi lọ́jọ́ náà pẹ̀lú àlùbọ́sà, Maggi àti iyọ̀, bí a ṣe ń bọ ẹran nílé. Ó le bí igi, iyọ̀ rẹ̀ sì ta wá lẹ́nu. Bí wọ́n bá kọ “fully cooked” sí i lára, ó ti jiná, ẹ kàn ń mú un gbóná ni: fọ́ìlì lórí, ófùnù ní 325 dígírì Fahrenheit, títí tí àárín rẹ̀ yóò fi dé 140. Èyí tí wọ́n kọ “cook before eating” sí nìkan ló fẹ́ iná gidi. Ó gbọ́dọ̀ dé 145, kí ẹ sì jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ẹ tó gé e.

Èyí tó ń jẹ owó wa jù wá ni àṣà tí a gbé wá látilé. Ìyá mi máa ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ kaná láràárọ̀ àti lálaalẹ́, kò sì ní kan. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni háàmù rí. Mo bò ó sórí tábìlì lálẹ́ ọjọ́ Sunday, mo ní iyọ̀ àti èéfín á tọ́jú rẹ̀ dàárọ̀. Rárá o. Iyọ̀ inú háàmù òde òní kò tó bẹ́ẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí méjì lọ níta, wákàtí kan péré bí ooru bá ti kọjá 90 dígírì. Bí ẹ bá ti ṣí i, ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ló ní nínú fíríìjì. Nínú fírísà, adùn rẹ̀ á ṣì wà fún oṣù kan sí méjì.

Ẹ ṣírò rẹ̀: ẹni mẹ́rin, pọ́ùn mẹ́wàá, ọjọ́ márùn-ún. Kò ṣeé ṣe. Nítorí náà, alẹ́ tí ó bá jáde nínú ófùnù ni kí ẹ pọ́n ọ̀bẹ. Mo máa ń gé èyí tó fẹ̀ fún búrẹ́dì ọmọ iléèwé, nítorí irú rẹ̀ tí wọ́n ti gé sílẹ̀ ní súpámákẹ́ẹ̀tì lè wọ́n tó ìlọ́po mẹ́ta. Mo á gé ìyókù wẹ́wẹ́, mo á di í sínú ọ̀rá, ìwọ̀n oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo á kọ ọjọ́ sí i. Ẹ má ṣe gbé gìrìwò rẹ̀ sínú fírísà. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ jẹ díẹ̀, gbogbo rẹ̀ lẹ ó yọ́.

Ẹ má sì ṣe bù ú síwájú àwọn ará ilé bí ẹran lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ mi ti ń bi mí pé, “Mọ́mì, òun náà tún ni?” Ohun amọ́bẹ̀dùn ni ẹ fi ṣe. Ẹ̀kúnwọ́ kan tó fún ẹyin díndín, àsáró tàbí ìrẹsì díndín. Àwọn èèyàn dúdú gúúsù Amẹ́ríkà ń fi í se collard, ewé tí ọ̀pọ̀ nínú wa níbí fi ń ro ẹ̀fọ́.

Eegun ńkọ́? Mo ti rí ẹni tó gbé e sínú ike ìdọ̀tí níṣojú mi, ó dùn mí dọ́kàn. Eegun yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ níyì ju ẹran lọ. Ilé oúnjẹ Sẹ́nétì Amẹ́ríkà ń ta ọbẹ̀ ẹ̀wà funfun tí wọ́n fi eegun ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ sè lójoojúmọ́. Ẹ̀wà olójú dúdú tí a mọ̀ nílé, tó bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sọdá òkun, ni wọ́n ń pò mọ́ ìrẹsì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní ọdún ní gúúsù Amẹ́ríkà, Hoppin' John lorúkọ rẹ̀. Èmi máa ń se eegun fún bíi wákàtí méjì, n ó wá da ẹ̀wà sí i, lẹ́yìn náà ata rodo, àlùbọ́sà àti epo pupa. Nígbà tí ìyá ọkọ mi wá kí wa, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n béèrè irú ẹja gbígbẹ tí mo fi sí i.

Ẹ má fi iyọ̀ sí i títí tí ẹ̀wà yóò fi rọ̀, tí ẹ ó sì ti tọ́ ọ wò. Tèmi kì í sábà nílò rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru nílé, ẹ da omi tí eegun bá kọ́kọ́ hó nínú rẹ̀ nù, kí ẹ bu òmíràn.