Bí Ará Ìkòròdú Ṣe Lè Múra fún Síkíì Orí Òkè Gíga ní Ìgbà Ìrúwé

Ẹ̀yin tí ẹ ń ti Ìkòròdú lọ ṣe síkíì (fífi pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí a so mọ́ bàtà gun òkè yìnyín, kí a sì fi yọ̀ sọ̀ kalẹ̀) lórí òkè Alps ní ilẹ̀ Yúróòpù ní oṣù kẹrin, ilé ni kí ẹ ti múra. Ilẹ̀ wa tẹ́jú, nítorí náà ẹ máa gun àtẹ̀gùn ilé alájà pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù ni yìnyín tí ó máa ń ya lulẹ̀, pàápàá níbi tí òkè bá ti dagẹ̀rẹ̀ ní dígírì 30 sí 45. Yìnyín ìgbà ìrúwé a máa dì gbagidi lóru, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti wọ̀ ọ́ lára, a rọ̀, kò sì ní lè di ara rẹ̀ mú mọ́. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ sì ti sọ̀ kalẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Bí bàtà bá ti ń rì dé ọrùn ẹsẹ̀, ẹ padà.

Ẹnì kọ̀ọ̀kan nílò ẹ̀rọ kékeré tí ń fi àmì rédíò ránṣẹ́, tí ó sì ń gbà á, lórí 457 kHz kí a lè wá ẹni tí yìnyín bò, ọ̀pá gígùn tí a fi ń gún yìnyín wá a, àti ṣọ́bìrì tí a fi ń wà á jáde. Láti fi kọ́ra nílé, ẹ fi ọ̀rá di ẹ̀rọ kan, kí ẹnì kan rì í mọ́ inú òkìtì yanrìn etí ọ̀sà, kí ẹ fi èkejì wá a, kí ẹ sì wà á jáde kí ìṣẹ́jú 10 tó pé, nítorí pé ẹni tí yìnyín bá bò ju ìṣẹ́jú 15 lọ, ìrètí ẹ̀mí rẹ̀ a máa dín kù kíákíá.