Bí A Ṣe Ń Gbé Fídíò Eré Orin Tí A Fi Fóònù Yà Síta Láì Tọrùn Bọ Ẹjọ́

Yíya fídíò fúnra rẹ̀ ò le. Ẹ wá ibi tí ẹ̀yìn ẹlòmíì ò ti ní dí yín lójú, ẹ dá fóònù sí ìbú, ẹ tẹ̀ ẹ́. Rọ́bà ni mo fi ń so tèmi mọ́ irin, nítorí pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kì í sábà jẹ́ kí ọ̀pá tí wọ́n fi ń gbé fóònù dúró wọlé. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ ka àwọn lẹ́tà wínníwínní ara tíkẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá ní kí ẹnikẹ́ni má ya fídíò, ẹ ti bá wọn ṣàdéhùn nígbà tí ẹ sanwó yẹn. Ẹ fi fóònù sápò, ẹ máa jó.

Ìyọ̀ǹda ni ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀ wọ́n. "Èmi ni mo yà á, tèmi ni." Etí mi ti kún fún gbólóhùn yìí. Ìdajì òótọ́ ni. Àwòrán tí ọwọ́ yín yà jẹ́ tiyín ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n orin inú rẹ̀ kì í ṣe tiyín. Ẹni tó hun orin ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, olórin tó wà lórí pèpéle náà ní tirẹ̀. Láti ìgbà àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Róòmù lọ́dún 1961 ni olórin ti lágbára láti kọ̀ kí wọ́n gba eré òun sílẹ̀ láìgbàṣẹ. Àdéhùn mìíràn tí wọ́n ṣe ní Beijing lọ́dún 2012 wá kan fídíò ní tààrà.

Nítorí náà, èèyàn méjì lẹ máa bi, kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹnìkan tí mo mọ̀ bá olórin sọ̀rọ̀ lẹ́yìn eré, ìyẹn mi orí sí i, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Ló bá gbé gbogbo eré síta. Mẹ́ta nínú àwọn orin náà, ẹlòmíì ló hun wọ́n. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, fídíò ti pòórá. Olórin ò lè fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ tọrẹ. Owó tí gbọ̀ngàn eré sì ń san fún àwọn tó hun orin, ti kíkọ ọ́ níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà ni, kò kan fídíò yín. Ẹ má sì bi ẹni tó ń yí ẹ̀rọ ohùn. "Bẹ́ẹ̀ ni" tirẹ̀ ò já mọ́ nǹkan kan.

Kò dìgbà tí ẹ bá gba lọ́yà. Ímeèlì tó: ẹ kọ ọjọ́ eré, orúkọ orin kọ̀ọ̀kan, ibi tí ẹ máa gbé e sí, àti bóyá owó máa wọlé látinú rẹ̀. WhatsApp náà ṣe é lò, àmọ́ ẹ tọ́jú àwòrán ìdáhùn wọn síbòmíì, fóònù a máa sọnù. Ọ̀nà àbùjá kan wà: bí ẹni tó hun orin bá ti kú fún ohun tó lé ní 70 ọdún, ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè olórin nìkan ló kù láti bi, àfi bí ẹlòmíì bá tún orin náà tò.

Ẹ gbàgbé ìtàn pé ìṣẹ́jú àáyá 30 ò lẹ́ṣẹ̀. Kò sí òfin bẹ́ẹ̀. Kíkọ "orin yìí kì í ṣe tèmi" sísàlẹ̀ fídíò náà ò gbani. Ẹ ti fẹnu ara yín jẹ́wọ́ ni.

Bí Content ID, ìyẹn ètò tí YouTube fi ń dá orin mọ̀ nínú fídíò, bá mú orin náà, ẹ má sáré jà. Ẹni tó ni orin lè dí fídíò náà, ó lè máa gba owó ìpolówó rẹ̀, ó sì lè kàn máa wò ó. Ẹ̀sùn gan-an, èyí tí wọ́n ń pè ní copyright strike nígbà tí ẹni tó ni orin bá ní kí YouTube yọ fídíò kúrò, ni kí ẹ sá fún, torí mẹ́ta láàárín 90 ọjọ́ lè ti ìkànnì yín pa.

Bí olórin bá wá ní òun fẹ́ lo fídíò yín, ẹ má fún un ní fáìlì àkọ́yà láìkọ nǹkan kan. Ẹ kọ "mo yọ̀ǹda kí ẹ lò ó." Ẹ má kọ "mo ti fún yín."