Bí mo ṣe po interleukin-2, tí mo sì pín in

Ìgò kékeré kan ni, 50 µg interleukin-2 (IL-2) ti ènìyàn, prótéènì tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì T pọ̀ sí i, tí wọ́n mú jáde láti inú bakitéríà E. coli. Sẹ́ẹ̀lì T (sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà) tí mo ti ta jí ni mo fẹ́ fi bọ́.

Mo gbé e jáde nínú fìrísà, mo dúró títí òtútù fi kúrò lára rẹ̀ kí ìrì má bàa sẹ̀ sínú rẹ̀. Mo wá yí i nínú centrifuge ní 3,000 × g fún ìṣẹ́jú 1. Ẹ má fojú di èyí: lẹ́búlẹ́bú náà fẹ́lẹ́, bí èémí lójú dígí, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ìdérí.

Omi lásán kọ́ ni mo fi pò ó, torí IL-2 máa ń ṣù jọ ní pH 7. Acetic acid 100 mM ni: 57.5 µl ògidì acid (17.4 M) nínú omi mímọ́ 10 ml, pẹ̀lú BSA (prótéènì inú ẹ̀jẹ̀ màlúù) 10 mg kí prótéènì má bàa lẹ̀ mọ́ ike. Àdàlù yìí ni mo fi asẹ́ 0.22 µm sẹ́. Ẹ má sẹ́ IL-2 fúnra rẹ̀ o, asẹ́ á gbé e mì. Mo jẹ́ kí 500 µl ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ìgò wọlé, mo sì ń yí i jẹ́jẹ́ láàárín ìka fún ìṣẹ́jú 15. Bí ẹ bá mì í títí ó fi hó, èyí tó wà lójú ìhó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ìṣirò ló máa ń da iṣẹ́ rú jù. Ìwé tó bá ìgò wá ní ED50, ìyẹn ìwọ̀n tó ń mú ìdajì agbára rẹ̀ hàn lára sẹ́ẹ̀lì, jẹ́ 0.1 ng/ml. Tí a bá fi 0.1 pín 1,000,000, mg 1 ní 10,000,000 yúníìtì. 50 µg ní 500,000. µl 1 kọ̀ọ̀kan sì ní 1,000. Ìgò mìíràn lè yàtọ̀, ẹ ṣe é lọ́tun nígbà gbogbo. Mo bu 20 µl sínú ike polypropylene 24, mo kó wọn sí fìrísà −80 °C. Èyí tó kù sẹ́nu pípẹ́ẹ̀tì lọ.

Oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì 10 ml nílò 1,000 yúníìtì, ìyẹn 1 µl, ó sì ṣòro láti wọn 1 µl kó péye. Mo fi oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì 180 µl tó ní BSA la 20 µl, ó di 100 yúníìtì nínú µl 1. Mo bu 10 µl rẹ̀ sínú oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì 10 ml: 100 yúníìtì/ml. Mo ń fi tuntun kún un lọ́jọ́ méjì-méjì sí mẹ́ta, torí sẹ́ẹ̀lì ń jẹ ẹ́ tán. Ike tó bá ti yọ́ kì í padà sí fìrísà. 4 °C ni, fún ọ̀sẹ̀ 1 péré.

Lọ́jọ́ kẹta, ó yẹ kí sẹ́ẹ̀lì ṣù bí èso àjàrà lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Bí wọ́n bá fọ́n ká, tí wọ́n súnkì, tí wọ́n dúdú, ìṣirò ni mo kọ́kọ́ ń padà yẹ̀ wò.