Bẹ́ ẹ ṣe lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tí iṣẹ́ ìlera ò rí nínú ọ̀rọ̀ hepatitis C

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ hepatitis C, yálà nọ́ọ̀sì ni yín o, yálà ẹ kàn ń yọ̀ǹda ara yín ni, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé oògùn tó ń wo àrùn ẹ̀dọ̀ yìí sàn pátápátá wà nílẹ̀, oògùn oníhóró ni, ọ̀sẹ̀ 12 lọ̀pọ̀ èèyàn máa lò ó, nínú 100 tó bá sì lò ó, ó lé ní 95 tó máa ń san fún. Síbẹ̀ nígbà tí 2022 fi parí, nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 èèyàn tó ní i káàkiri ayé, bíi 36 nínú 100 péré ló mọ̀ pé àwọn ní i, àwọn tó ti gba oògùn ò ju bíi 20 nínú 100 lọ. Àwọn tó kù ńkọ́? Wọn ò sá pamọ́ o, ọ̀nà tá a là sílẹ̀ fún wọn ló gùn jù.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má ti ibi ìwé orúkọ klíníkì bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tórúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀ ti rí yín ná. Ẹ béèrè pé ta ni kì í wá? Àwọn tó ń gún ara wọn lábẹ́rẹ́ oògùn olóró, àwọn tó wà lẹ́wọ̀n, àwọn tí ò nílé, àwọn tó ṣí wá láti ìlú míì tí wọn ò níwèé, tẹ́rù ń bà pé táwọn bá kọ orúkọ sílẹ̀ wọ́n á wá mú àwọn. Àwọn àgbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí lára láyé ọjọ́un náà wà níbẹ̀, torí 1989 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá fáírọ́ọ̀sì yìí mọ̀, kò sẹ́ni tó lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún un kó tó dìgbà yẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹni tó ti wà nínú irú ayé yẹn rí, pàápàá tí hepatitis C ti san fún un, kó máa mú yín lọ. Ẹ sanwó fún un bẹ́ ẹ ṣe ń sanwó fún òṣìṣẹ́ yòókù, ẹ má fi "o ṣeun" lásán tì í. Tóun bá sọ pé "èmi náà ti lò ó, ó san", èèyàn á gbọ́ ju ìwé pélébé tẹ́ ẹ ń pín lọ. Kẹ́ ẹ sì má pe ẹnikẹ́ni ní ajoògùnyó, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀pọ̀ ló ti gbọ́ ọ lẹ́nu òṣìṣẹ́ ìlera rí tí ò fi padà wá mọ́.

Ibi tá a ti ń pàdánù èèyàn jù rèé o, ẹ fara balẹ̀ kà á. Tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́, èyí tẹ́ ẹ fi abẹ́rẹ́ gún ìka ṣe, ó kàn ń sọ pé fáírọ́ọ̀sì ti wọ ara ẹni náà rí ni, kò sọ pé ó ṣì wà níbẹ̀, torí bíi 30 nínú 100 lara wọn máa ń lé e jáde fúnra ẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà. Èyí ló fà á tẹ́ ẹ fi nílò tẹ́ẹ̀sì kejì tó ń wá fáírọ́ọ̀sì gangan. Wọ́n á wá ní kí ẹni tí ò nílé, tí ò ní fóònù, lọ kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀! Kò ní wá. Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ̀sì kejì lójú ẹsẹ̀, níbi tó jókòó sí. Ẹ̀rọ kan wà tó lè yẹ ẹ̀jẹ̀ ìka wò láàárín bíi wákàtí kan, tẹ́ ò bá sì ní in, ẹ kán ẹ̀jẹ̀ sórí káàdì, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí láàbù, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá yín wá a kàn tí èsì bá dé.

Tó bá ní i, ẹ má jẹ́ kó máa dúró de dókítà ńlá. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ti sọ ọ́ lọ́dún 2022 pé dókítà lásán àti nọ́ọ̀sì tó ti gba ẹ̀kọ́ lè fún un lóògùn. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fún hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ míì, kó tó bẹ̀rẹ̀, torí tí ìyẹn bá wà lára ẹ̀, ó lè jí dìde tó bá ń lo oògùn yìí. Àmọ́ ẹ má sọ pé àfi kó kọ́kọ́ jáwọ́ nínú oògùn olóró o, ìyẹn ò sí nínú ìlànà. Tí ò bá níbi tó lè kó oògùn sí, ẹ bá a tọ́jú ẹ̀ síbi tó ti ń gba methadone, ìyẹn oògùn tí wọ́n fi ń rọ́pò oògùn olóró. Tó bá ń jáde lẹ́wọ̀n, ẹ kó èyí tó kù lé e lọ́wọ́ kó tó jáde.

Ẹ fún wọn ní abẹ́rẹ́ àti sírínjì tuntun náà, torí kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún hepatitis C, ó sì lè padà mú ẹni tó ti san fún. Tí ẹni bẹ́ẹ̀ bá padà wá, tẹ́ẹ̀sì kejì yẹn ni kẹ́ ẹ ṣe fún un, torí ti àkọ́kọ́ á ṣì máa sọ pé fáírọ́ọ̀sì ti wọ ara ẹ̀ rí. Tí fáírọ́ọ̀sì bá wà níbẹ̀, ẹ má bá a wí, ẹ fún un lóògùn lẹ́ẹ̀kan sí i.