Bí ẹ ṣe lè rí labalábá Apollo lórí òkè

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rí Apollo, labalábá funfun ńlá orí òkè Yúróòpù yẹn, ẹ má kọ́kọ́ wá labalábá o, oúnjẹ ọmọ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá. Kòkòrò dúdú tó ní àmì aláwọ̀ ọsàn lára lọmọ ẹ̀, ewé sedum ló sì ń jẹ, ewéko kékeré tí ewé ẹ̀ ki tómi kún inú ẹ̀, tó máa ń hù sáàárín òkúta níbi tóòrùn ti ń ta gan-an. Níbi tí ò bá ti sí sedum, ẹ kàn ń dààmú ara yín ni.

Apollo wà láwọn òkè bí Alps, Pyrenees, Carpathians, Sierra Nevada ní Sípéènì, ó wà ní Norway, Sweden àti Finland náà, títí dé àárín Éṣíà, àmọ́ kò sí ní Britain. Júláì àti Ògọ́ọ̀sì ni kẹ́ ẹ lọ torí ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń yọ lọ́dún, inú ẹyin ló ti ń fara pamọ́ fún òtútù.

Àárọ̀ ló dáa jù lójú tèmi, ara ẹ̀ ò tíì gbóná nígbà yẹn, á kàn na ìyẹ́ sóòrùn lórí òdòdó elésè àlùkò bíi thistle, ẹ ó ráyè ya fọ́tò dáadáa. Ẹ wo ìyẹ́ ẹ̀yìn, àmì pupa rìbìtì tí dúdú yí ká ló wà níbẹ̀. Èyí tí ò bá ní pupa rárá, mnemosyne nìyẹn, labalábá míì tó bá Apollo tan. Èyí tí wọ́n ń pè ní Apollo kékeré, tóun náà jẹ́ irú labalábá míì, ló máa ń dààmú èèyàn jù: ibi tó ga, lẹ́bàá odò, ló fẹ́ràn, ìwo orí ẹ̀ sì ní ìlà dúdú àti funfun tó hàn ketekete.

Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan líle kan lábẹ́ ikùn abo, akọ ló fi dí i lẹ́yìn tí wọ́n gùn tán, kí akọ míì má bàa gùn ún, ọgbọ́n yẹn máa ń yà mí lẹ́nu gan-an! Tí Apollo bá ṣí ìyẹ́ lójijì tí àmì pupa ẹ̀ hàn, tó ń fẹsẹ̀ ha ìyẹ́ tó ń dún ṣìì, ẹ̀rù yín ló ń bà á, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sún sẹ́yìn.

Ẹ má mú un o, òfin Yúróòpù kà á léèwọ̀, kẹ́ ẹ má sì tẹ sedum mọ́lẹ̀ torí ẹyin lè wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá débi tí àgùntàn ò ti jẹko mọ́, tí igi ti ń ṣíji bo òkúta, ẹ wá ẹ̀gbẹ́ òkè míì tó ṣí sílẹ̀.