Bí mo ṣe kọ ìwé ìpín orin kí a tó kúrò ní sítúdíò

Orin náà kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́rin ló fọwọ́ kàn án: èmi tí mo kọ ọ́, ọ̀rẹ́ mi tó fi ẹsẹ kejì kún un, pùròdúsà tó ṣe bíìtì, àti onígángan. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé àpò ni mo ti tẹ́ bébà sílẹ̀, nítorí bí orin bá ti ń pawó, kálukú á ní tòun ló pọ̀ jù.

Tábìlì méjì ni mo fà. Orin fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ohùn, yàtọ̀ sí máàsítà, ìyẹn orin bí a ṣe gbà á sílẹ̀ ní sítúdíò. Òfin Nàìjíríà, Copyright Act 2022, dáàbò bo orin títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́. Ti máàsítà jẹ́ 50 ọdún lẹ́yìn ọdún tó kọ́kọ́ jáde.

Lórí orin: èmi 50, pùròdúsà 30, ọ̀rẹ́ mi 20. Lórí máàsítà: èmi tí mo sanwó sítúdíò 80, pùròdúsà 20. Mo ro ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 100 géérégé. Bí ohun tí kálukú lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bá pọ̀ ju 100 lọ, owó á há síbẹ̀ títí ìjà á fi parí.

Owó iṣẹ́ ni onígángan gbà, kò gba ìpín. Ẹ má torí ìyẹn fojú fo ìwé tirẹ̀ o! Mo kọ iye owó, ọjọ́, orúkọ orin, àti pé ó fọwọ́ sí i kí a lo ìlù rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ sì wà lára àwọn òṣèré, torí ìlù rẹ̀ ló ṣí orin náà.

Orúkọ tó wà ní báńkì ni mo kọ fún kálukú, kí n tó fi orúkọ orí ìtàgé sí i. Gbogbo wa buwọ́ lu ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, a sì ya fọ́tò rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí bíìtì jẹ́ tiyín nìkan, àkọsílẹ̀ ni òfin ń béèrè; ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ fi orúkọ orin sílẹ̀ lọ́dọ̀ MCSN, ẹgbẹ́ tó ń bá àwọn olórin gba owó orin wọn lọ́wọ́ rédíò àti hòtẹ́ẹ̀lì. Owó máàsítà ni èyí tó ń wá láti orí Spotify nípasẹ̀ ẹni tó bá wa gbé orin síbẹ̀. Owó rédíò àti ti hòtẹ́ẹ̀lì kì í gba ibẹ̀ wọlé.

Nọ́ńbà ISRC ló kù, lẹ́tà àti fígọ̀ 12 tí a fi ń dá máàsítà kọ̀ọ̀kan mọ̀. Rímíìsì gba tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ ẹni tó ń bá yín gbé orin jáde, ISRC àtijọ́ ni kí ẹ fún un, kí iye ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ orin náà má baà bẹ̀rẹ̀ láti òdo.