Bí mo ṣe fi àgékù aṣọ ọjà Sábó rán bùbá àti búláòsì fún ara mi

Ẹni tó bá ti mú sítáì kan sọ́kàn kó tó kúrò nílé, kó yáa lọ ra odindi yáàdì mẹ́fà. Àgékù kò gba irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá wà nílẹ̀ lèèyàn ń bá pàdé: ìbú rẹ̀, gígùn rẹ̀, ibi tó ti ṣá, ọ̀nà tí àwòrán ara rẹ̀ kọjú sí. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ló máa sọ bóyá bùbá ni yóò jẹ́ tàbí búláòsì, tàbí kó kàn jẹ́ gèlè. Aṣọ méjì tí mo rán láìpẹ́ yìí ni mo fẹ́ ṣàlàyé, bùbá àǹkárá kan àti búláòsì kíréèpù kan. Ti bùbá náà ni màá pẹ́ lórí rẹ̀, torí òun ló gba ìṣirò.

Sábó ni mò ń lọ ní Ìkòròdú níbí. Àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù ń ta odindi, àmọ́ àwọn tó tẹ́ aṣọ sórí pátákó níta ló máa ń ní ìyókù: yáàdì méjì tí ẹnì kan ṣẹ́kù nínú mẹ́fà, èyí tó kù lẹ́yìn aṣọ ẹbí, èyí tí etí rẹ̀ ya. Àwọn kan á ní kí n wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté, kí n kọjá sí Ìsàlẹ̀ Èkó, kí n dé ọjà Balógun. Fún léèsì tàbí aṣọ ìgbéyàwó, mo gbà. Fún àgékù, owó ọkọ̀ yóò ti jẹ èrè rẹ̀ tán kéèyàn tó padà délé. Àwọn ìyá aláṣọ tó dàgbà ṣì máa ń dárúkọ Nichem, àǹkárá tí ilé iṣẹ́ Nichemtex ṣe ní Ìkòròdú yìí. Bí ẹ bá rí àgékù rẹ̀ tó ti sùn sí ìsàlẹ̀ ẹrù ẹnì kan, ẹ má wojú ẹnikẹ́ni, ẹ rà á.

Àǹkárá tí mo rí jẹ́ ẹlẹ́yẹ, ilẹ̀ rẹ̀ dúdú bí aró, àwọn ẹyẹ ara rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú.

"Màmá, ẹ kú ọjà o. Ajé á wọgbá. Èló lẹ̀ ń ta ẹlẹ́yẹ yìí?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ọmọ mi. Yáàdì méjì gbáko ni."

Mo yọ téèpù nínú báàgì, mo wọ̀n ọ́n níṣojú wọn. Ínǹṣì 54 ló jẹ́, ìyẹn yáàdì kan ààbọ̀, nítorí pé 36 ló ń pé yáàdì kan. "Màmá, ẹ wò ó, kò pé méjì o."

"Ìwọ wá gbé téèpù wá sọ́jà! Ó dáa, mú ẹgbẹ̀rún méjì wá."

Ìnájà náà parí sí ₦1,800. Téèpù yìí ló dín owó, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀.

Kí n tó san owó, mo gbé aṣọ náà sókè sí oòrùn, mo wo gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ihò kékeré tí kò hàn lórí pátákó máa ń hàn kedere bí ìmọ́lẹ̀ bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Lẹ́yìn náà, mo wo ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po. Aṣọ tó ti pẹ́ nínú oòrùn ọjà máa ń ní ìlà kan tó ti ṣá lójú ìṣẹ́po yẹn, ìlà náà kò sì ní í lọ láéláé. Bó bá wà láàárín, ẹ fi sílẹ̀. Bó bá wà létí, ẹ lè gé e dànù. Mo tún fi áńkáṣíìfù funfun tó tutù nù ún lára, mo wò ó bóyá aró rẹ̀ ń bọ́. Nígbẹ̀yìn, mo yí i padà. Àǹkárá tí wọ́n fi ìda tẹ̀ ní ti gidi máa ń jọra níwájú àti lẹ́yìn, torí aró wọ inú rẹ̀ lójú méjèèjì. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá funfun, ojú kan ni wọ́n tẹ̀. Ìyẹn náà ṣeé rán, ṣùgbọ́n kò yẹ kí owó rẹ̀ tó ti àkọ́kọ́. Ẹ má gbára lé ohun tí wọ́n kọ sí etí rẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè tẹ ọ̀rọ̀ sí etí aṣọ.

Ọwọ́ ẹlòmíì ni mo ti ra kíréèpù. Àwọ̀ ewé ni, kò ní àwòrán kankan, ìbú rẹ̀ sì tó ínǹṣì 58.

Nígbà tí mo délé, mo fa okùn òwú díẹ̀ yọ létí aṣọ kọ̀ọ̀kan, mo sì ṣáná sí i lórí àwo irin. Ti àǹkárá jó wẹ́rẹ́, òórùn ìwé tó ń jó ló ń rùn, eérú rẹ̀ sì fọ́ lẹ́búlẹ́bú. Kọ́tìnnì nìyẹn, aṣọ òwú. Ti kíréèpù kò jó bẹ́ẹ̀. Ó sún kúrò lọ́dọ̀ iná, ó yọ́, ó wá di kóró dúdú tó le. Pólísítà nìyẹn. Kì í ṣe eré ọmọdé o. Kọ́tìnnì máa ń súnkì nígbà tí omi bá kọ́kọ́ kàn án, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ súnkì kó tó di aṣọ, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Pólísítà kì í fi bẹ́ẹ̀ súnkì, ṣùgbọ́n bí áyọ́ọ̀nù bá gbóná jù, ó lè yọ́ mọ́ ọn lára.

Mo rẹ àǹkárá sómi mọ́jú, láìfi ọṣẹ sí i, mo sá a síbi tí oòrùn kò ti pa á, mo lọ̀ ọ́ kó tó gbẹ tán. Ínǹṣì 54 di 53. Ìbú rẹ̀ dúró sí 46.

Bùbá kò nílò pátánì oníwèé. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń gé e nìyẹn: wọ́n á ṣẹ́ aṣọ po lórí èjìká, wọ́n á gé ọrùn, wọ́n á gé abẹ́ apá, ó tán. Èjìká kò ní ojú ìrán rárá. Àmọ́ àwọn ẹyẹ tèmi ń fò lọ sókè. Tí mo bá kàn ṣẹ́ ẹ po, ti iwájú á máa fò, ti ẹ̀yìn á doríkodò. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pé kí wọ́n kọ́kọ́ ra èyí tí àwòrán rẹ̀ kò ní orí tí kò ní ẹsẹ̀, bíi olóbìrí tàbí eléwé wẹ́wẹ́. Ẹlẹ́yẹ máa ń béèrè ìṣirò.

Mo gé 53 yẹn sí méjì ní agbede méjì, ó di 26 ààbọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì yí ìdajì tó fẹ́ jẹ́ ẹ̀yìn padà kí ẹyẹ rẹ̀ lè kọrí sókè pẹ̀lú ti iwájú. Nínú 26 ààbọ̀ náà, ààbọ̀ ínǹṣì lọ sí ìránpọ̀ èjìká, ínǹṣì kan lọ sí ìṣẹ́tí, 25 tó kù ni gígùn bùbá. Bó ṣe ku díẹ̀ kó má tó nìyẹn. Ká ní mi ò rẹ ẹ́ sómi kí n tó gé e, ọjọ́ tí mo bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ ni màá mọ̀.

Mo kó ìdajì méjèèjì lé ara wọn, ojú sí ojú, mo wá ṣẹ́ wọn po ní ìbú. 46 di 23, aṣọ di ìlọ́po mẹ́rin. Àyà mi jẹ́ 40. Ìdá mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 10. Mo fi 2 kún un kó lè fẹ̀ lára, torí bùbá tó bá mọ́ èèyàn lára kì í ṣe bùbá mọ́. Mo tún fi 1 kún un fún ìránpọ̀. Ó di 13. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sí i láti ìsàlẹ̀ wá sókè, mo dúró níbi tó ku 9 ààbọ̀ kó dé èjìká, mo yà síta lọ sí etí aṣọ. Igun abẹ́ apá yẹn, mi ò jẹ́ kó rí gbọnrangandan, mo fi ìdérí ife yí i ká. Igun tó bá mú ṣánṣán níbẹ̀ ni aṣọ fi ń ya nígbà tí èèyàn bá nawọ́ sókè sí ọ̀pá mọ́tò.

Ọrùn, ínǹṣì 3 láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, 1 sísàlẹ̀ ní ẹ̀yìn, 3 ààbọ̀ níwájú. Kékeré ni mo máa ń gé e. Èyí tó bá fún ṣì ṣeé gé kún.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Ègé mẹ́rin ló bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ apá, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 10, ó sì gùn tó 17. Apá bùbá náà kò tíì kọjá ìgbúnwọ́ dáadáa, èmi sì fẹ́ apá gígùn. Mo gé ìwọ̀n ẹnu apá kúrò lára ègé kọ̀ọ̀kan, mo so wọ́n mọ́ ẹnu apá, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, kí n tó ran èjìká rárá. Ègé iwájú lọ síwájú, tẹ̀yìn lọ sẹ́yìn, gbogbo ẹyẹ dojú kọ òkè. Nígbà tí mo wá ran èjìká, mo ran án lọ tààrà láti ọrùn dé ọrùn ọwọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ti rí bùbá yìí rò pé sítáì ni ojú ìrán tó wà lápá yẹn. Mi ò tíì já wọn ní koro.

Ẹ̀rọ Butterfly ẹlẹ́sẹ̀ ni mo ní, kò gba iná, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè fi iná mọ̀nàmọ́ná dá iṣẹ́ mi dúró àfi tó bá kan áyọ́ọ̀nù. Abẹ́rẹ́ 14 ni mo fi sí i fún àǹkárá. Kí n tó ran aṣọ gan-an, mo máa ń ran àjákù rẹ̀ wò. Bí òwú bọ́bìnnì bá ń yọjú sókè, òwú òkè ló le jù, màá dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ bá ń di kókó, òwú òkè ló dẹ̀ jù.

Mo gé ìyókù ègé abẹ́ apá ní ìdagun, ìyẹn láti igun kan sí èkejì, ní ìlà tó fẹ̀ tó ínǹṣì kan ààbọ̀, mo so wọ́n pọ̀, mo fi wọ́n yí ọrùn ká. Báyáàsì, ìyẹn ìlà tí a fi ń yí ọrùn ká yìí, gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdagun, torí aṣọ tí a gé ní ìdagun máa ń fà, á sì tẹ̀ lé ibi tó bá ṣe kọdọrọ láìsí pé ó ń wú. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ran ẹ̀gbẹ́ láti ọrùn ọwọ́, gba abẹ́ apá, dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo fi ẹnu sísọ́ọ̀sì gé ojú abẹ́ apá wẹ́wẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìkan ìrán, kó lè tẹ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ oníwíìfìn ní òpópónà wa, kó fi ẹ̀rọ rẹ̀ ran etí inú aṣọ náà kó má baà tú.

"Àǹtí, ẹ ò ní dúró gbà á? Ẹ jẹ́ kí n kàn tan jẹ́n."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ kọ́kọ́ fi òwú dúdú sí i. Ti funfun yẹn kọ́."

Ẹ dúró tì wọ́n. Òwú tó bá ti wà lórí ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń fẹ́ lò, ó sì máa ń hàn nígbà tí èèyàn bá ká apá sókè.

Kíréèpù yára, àmọ́ ó ń yọ̀. Mo tẹ́ ìwé ìròyìn sí abẹ́ rẹ̀ kí n tó gé e, mo fi pínnì de aṣọ mọ́ ìwé, mo gé méjèèjì pọ̀. Nítorí pé ìbú rẹ̀ 58, apá àti ara jáde pa pọ̀ láìsí àsopọ̀ kankan. Abẹ́rẹ́ 11 ni mo lò, èyí tó bá nípọn ju ìyẹn lọ á fa òwú rẹ̀ yọ. Mi ò gbé e lọ fún wíìfìn rárá. Ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn ni mo kọ́kọ́ fi ran án, mo gé etí rẹ̀ kù díẹ̀, mo yí i padà, mo wá ran án lójú sí ojú, etí tó ń tú náà sì há sínú. Ìrán ẹ̀ẹ̀mejì ni, àmọ́ inú rẹ̀ mọ́ bí ìta. Àwọn télọ̀ tó ń kánjú kò ní í bá yín ṣe é. Tí mo bá fẹ́ lọ̀ ọ́, mo máa ń tẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́ lé e lórí.

Gbogbo ohun tí mo ná lórí bùbá, aṣọ, òwú àti wíìfìn, kò tó owó iṣẹ́ nìkan tí télọ̀ ń gbà lórí bùbá kan ládùúgbò wa.

Bẹ́ẹ̀díṣíìtì òkìríkà ló wà lórí tábìlì mi báyìí, kọ́tìnnì tó nípọn, ó sì fẹ̀ ju àǹkárá lọ fíìfíì. Bí ẹ bá fẹ́ ra irú rẹ̀, ẹ na àárín rẹ̀ sí oòrùn, ẹ fi í wé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibi tí èèyàn ti ń sùn sí ló máa ń fẹ́lẹ́. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni màá ti gé ara ṣẹ́ẹ̀tì, èmi ò ní fi àárín ṣe ju àpò inú lọ.